Ilé Onílé Ni Igbákejì Kóòṣì Ń Gbé: Ohun Tí Iṣẹ́ Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Kọ́ Mi ní Amẹ́ríkà

Igbákejì kóòṣì nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù akoto tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, kì í ní ilé tirẹ̀. Abẹ́ òrùlé kóòṣì àgbà ló wà. Lọ́jọ́ tí yunifásítì bá ní kí kóòṣì àgbà máa lọ, ì báà jẹ́ pé àwọn ọmọ tí ìwọ ń kọ́ ló ta gbogbo ẹgbẹ́ yọ, ẹrù tìrẹ náà ti di dídì nìyẹn. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé kéèyàn máa bi ara rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní pé: kí ló máa bá mi jáde nínú ilé yìí? Aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ yunifásítì sí kò ní bá ọ lọ. Ọ́fíìsì kò ní bá ọ lọ. Bó o ṣe ń kọ́ ọmọ ló máa bá ọ lọ, àti ojú tó o fi ń wo fídíò, àti àwọn kóòṣì girama tó gbà ọ́ gbọ́, àti àwọn tó máa dárúkọ rẹ nígbà tí àyè bá ṣí níbòmíràn.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé náà ṣe rí. NCAA ni àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́, Division I, pín sí méjì nínú bọ́ọ̀lù yìí: FBS, níbi tí owó ńlá wà, àti FCS. Division II tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Division III, níbi tí wọn kì í ti í fún ọmọ ní sikọ́láṣíìpù nítorí eré rárá. NAIA àti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì ní àjọ tiwọn. Ní FBS, láti oṣù Ṣẹẹrẹ 2018, igbákejì 10 ni kóòṣì àgbà lè ní. 9 ni tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ àwọn wọ̀nyí ni àwọn graduate assistant wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì tó ń ran kóòṣì lọ́wọ́, GA là ń pè wọ́n, pẹ̀lú àwọn analyst tó ń ṣiṣẹ́ fídíò. Títí di 2024, analyst kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ní nǹkan kan lórí pápá. Ọdún yẹn ni NCAA tú òfin náà. Analyst lè kọ́ ọmọ báyìí, àmọ́ kóòṣì àgbà àti àwọn 10 náà nìkan ló ṣì lè jáde lọ wá ọmọ káàkiri.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ bí analyst gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òfin tuntun yìí fún un àti ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tètè débi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, àmọ́ ó lè lo ọdún mẹ́ta ní ọ́fíìsì ńlá láì mọ kóòṣì girama kan ṣoṣo. Nígbà tí àyè igbákejì bá ṣí, ìbéèrè tí wọ́n máa ń tètè bi í ni pé, “Àgbègbè wo lo mọ̀?” Mo ti rí àwọn tó mọ eré dáadáa tí ìbéèrè yìí pa lẹ́nu mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ọdún méjì ní Division III tàbí NAIA, níbi tí wọ́n á ti fún ọ ní ọ̀wọ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti kọ́, ọkọ̀ yunifásítì láti wà, àti ìpínlẹ̀ méjì láti wá ọmọ, kì í ṣe ẹ̀yìn ni o padà sí.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nick Saban, ọ̀kan lára àwọn kóòṣì yunifásítì tó lókìkí jù, di GA ní Kent State ní 1973 lábẹ́ Don James. Ó ti kọjá ní Syracuse, West Virginia, Ohio State, Navy àti Michigan State, ó sì ti dé Houston Oilers nínú NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, kó tó di kóòṣì àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Toledo ní 1990. Ọdún 17 nìyẹn, wọ́n sì lé e ní Ohio State láàárín rẹ̀. Mike Leach kò gbá bọ́ọ̀lù yìí ní yunifásítì rárá. Òfin ló kà, ó kọ́ bọ́ọ̀lù dé Finland kó tó di kóòṣì àgbà ní Texas Tech fún sáà 2000. Dabo Swinney bá gbogbo àwọn tí wọ́n lé ní Alabama lọ lẹ́yìn sáà 2000, ó ṣiṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ títí Clemson fi pè é ní 2003 láti máa kọ́ àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù mọ́wọ́. Kò ṣe coordinator rí, ìyẹn igbákejì tó jẹ́ olórí ìkọlù tàbí ìdènà, kí wọ́n tó fi ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́ ní oṣù Ọ̀wàrà 2008.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti fi han ọ̀dọ́ ni ti Kirby Smart. Ní 2001, ó ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ìdènà ní Valdosta State, Division II. Ní 2002, ó fi ipò olórí sílẹ̀, ó lọ di GA ní Florida State lábẹ́ Bobby Bowden. Lójú ẹni tó ń wo oyè, ìyẹn ti já wálẹ̀ láti orí àkàbà. Àmọ́ Will Muschamp, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Valdosta ní 2000, ti wà ní LSU lọ́dọ̀ Saban. Ní 2004, LSU gba Smart. Ní 2007 ó bá Saban dé Alabama, ní 2009 ó gba Broyles Award, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún igbákejì kóòṣì tó ta yọ jù lọ́dún, ní 2016 ó di kóòṣì àgbà ní Georgia. Ẹ wo ibi tí okùn náà gbà: ẹni tí wọ́n jọ wà ní yàrá kékeré kan ní Division II fún ọdún kan. Nítorí náà, bí iṣẹ́ méjì bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, mo máa ń wo àwọn tó wà nínú yàrá kí n tó wo orúkọ tó wà lára ògiri. Ta ni coordinator? Àwọn mélòó lára ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ló ti gòkè? Bí kò bá sí ẹnì kan tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ síbi tó sàn jù, ìwọ náà kò ní í jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Ní ti GA fúnra rẹ̀, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni GA: ó gbọ́dọ̀ ti gba oyè àkọ́kọ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa ka oyè kejì lọ́wọ́. Owó tó ń wọlé kò tó gba ilé dáadáa ní ìlú púpọ̀, wákàtí rẹ̀ sì máa ń kọjá 80 lọ́sẹ̀ nígbà eré. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó ṣeé fi nǹkan lé lọ́wọ́, káàdì ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n.

Káàdì ni àwòrán eré ẹgbẹ́ tí ẹ máa bá pàdé ní Àbámẹ́ta. Àwọn ọmọ yín tí kì í bẹ̀rẹ̀ eré ló máa ń ṣe bí ẹgbẹ́ ọ̀hún nígbà ìgbaradì, kí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ lè rí ohun tó ń bọ̀. Wọn kò mọ ìwé eré ọ̀tá. Káàdì tí GA gbé sókè láàárín wọn ni wọ́n ń wò, fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí oníkálukú tó lọ dúró. Nítorí náà bírò kò wúlò níbẹ̀, kálámù ẹlẹ́nu-ńlá ni. Ní òkè káàdì: nọ́ńbà rẹ̀, ìdá ìgbaradì tó jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ pápá tí bọ́ọ̀lù wà, ìgbà kejì tàbí ìkẹta (ìgbìyànjú mẹ́rin, tí à ń pè ní ìgbà, ni ẹgbẹ́ ní láti fi gba yáàdì mẹ́wàá), yáàdì mélòó ló kù. Òbìrí fún ẹgbẹ́ ìkọlù, lẹ́tà fún ẹgbẹ́ ìdènà, nọ́ńbà aṣọ ọmọ nínú òbìrí bí ó bá ní iṣẹ́ tó yàtọ̀, àti ìlà pupa fún ẹni tí bọ́ọ̀lù máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó wà nínú ọ̀rá, nítorí òjò.

Àṣìṣe méjì ló ń pa káàdì. Èkíní ni kí òsì di ọ̀tún. Ojú ẹgbẹ́ ìdènà ni coordinator ìdènà fi ń yàwòrán, ọ̀tá wà lókè, àwọn tirẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bí GA bá dà á kọ bẹ́ẹ̀ láì yí i, tó sì gbé e fún àwọn ọmọ tó ń ṣe ìkọlù, ọ̀tún ni wọ́n máa sá sí dípò òsì. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń pín ìgbaradì; káàdì méjì tó dojú dé ti tó láti ba ìdá kan jẹ́, ìdá náà kò sì ní padà wá lọ́sẹ̀ yẹn. Èkejì burú jù nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í tètè rí i: ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ àwọn ìlà iwájú. Linebacker, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn ìlà iwájú ìdènà, tí wọ́n kọ́ láti máa wo guard, ọ̀kan nínú ìlà iwájú ìkọlù, ibi tí guard bá gbé ẹsẹ̀ ló ń lọ. Bí guard bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú fídíò, tí GA sì fà á lọ síwájú tààrà nínú káàdì torí pé ó ń kánjú, linebacker máa fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ irọ́. Ní Àbámẹ́ta, guard máa yà, linebacker máa sáré wọ àárín, bọ́ọ̀lù máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ọmọ náà ni èrò ìworan máa bú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ fídíò. Kí coordinator tó lè mọ ohun tí ọ̀tá fẹ́ràn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ gbogbo eré nínú ìdíje mẹ́rin sí márùn-ún: ìgbà kelòó, yáàdì tó kù, ẹ̀gbẹ́ wo, orí yáàdì kelòó, àwọn wo ló wà lórí pápá, bí wọ́n ṣe tò, ta ló rìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, irú eré, èrè tàbí àdánù. Nọ́ńbà méjì la fi ń kọ àwọn tó wà lórí pápá: 11 ni running back (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá) kan, tight end (ẹni tó ń dí ọ̀tá lọ́nà, tó sì tún ń gba bọ́ọ̀lù) kan, wide receiver (ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù mọ́wọ́) mẹ́ta, 12 ni running back kan, tight end méjì, wide receiver méjì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé eré 12 péré ló bọ́ sí ìgbà kẹta pẹ̀lú yáàdì mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí o bá kọ ẹ̀gbẹ́ pápá ṣì nínú ẹyọ kan, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ti yí padà, coordinator sì lè fi ìyẹn pe ìdènà tí kò yẹ. Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni pé kí GA méjì máa pe ìtò kan náà ní orúkọ méjì. Ọ̀kan kọ “trips”, èkejì kọ “3x1”. Kọ̀ǹpútà á kà á sí ohun méjì, ìṣesí tí ì bá hàn gbangba á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ jókòó ní oṣù Agẹmọ, ẹ kọ orúkọ gbogbo ìtò sójú bébà kan, kí gbogbo yín gbà á, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ eré kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra láti yunifásítì kan sí òmíràn. Àìkú ni fídíò àná, wọ́n á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní máàkì, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ètò fún ọ̀tá tuntun lálẹ́. Ìṣẹ́gun ni ìgbà kìíní àti ìkejì, Ọjọ́rú ni ìgbà kẹta àti itòsí góòlù, Ọjọ́bọ̀ fífúyẹ́, Ẹtì ìrìn lásán. Òfin NCAA ni pé ọmọ kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 4 lọ lójúmọ́ àti 20 lọ́sẹ̀ fún eré, ọjọ́ ìdíje jẹ́ wákàtí 3, ọjọ́ ìsinmi kan sì gbọ́dọ̀ wà. Àwa kóòṣì ni òfin yẹn kò dè. Ohun tó ṣe pàtàkì fún igbákejì nínú rẹ̀ ni pé wákàtí ìpàdé rẹ kéré gan-an. Bó o bá gba ìṣẹ́jú 30 pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ, fídíò 15 ni kó o mú wá, má mú 40. Ẹni tó mú 40 wá á sáré sọ ọ̀rọ̀ lórí gbogbo rẹ̀, ọmọ kò ní í rántí ẹyọ kan.

Ọ̀nà tó o gbà ń kọ́ ọmọ ni wọ́n máa ń dán wò nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọn kì í fẹ́ gbọ́ pé o fẹ́ràn eré. Wọ́n á fún ọ ní kálámù, wọ́n á ní kó o dúró sídìí pátákó: “Kọ́ wa ní inside zone bí ẹni pé ọmọ ọdún kìíní ni wá.” Eré tí wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sá gba àárín ni. Ẹni tí kò tíì múra máa ya òbìrí 11, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà kiri. Ẹni tó ti múra máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀: bí guard ṣe dúró, ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ gbé, ínǹṣì mélòó, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sí láyà ẹni iwájú rẹ̀, ìgbà wo ló fi òun àti center, ẹni àárín ìlà iwájú, jọ gbá ẹni kan tí ọ̀kan fi kúrò lọ bá linebacker. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí nǹkan padà: “Safety, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá, ti sọ̀ kalẹ̀ wá síwájú, ńkọ́?” Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí pé eré ni wọ́n há sórí, wọn kò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ní ìwé tìrẹ lọ́wọ́, ojú ewé 20 sí 30 tó o kọ fúnra rẹ: ìdúró, ẹsẹ̀, ọwọ́, ìdánwò ojoojúmọ́ àti ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó o fi ń tún un ṣe. Ìwé yẹn ni mo pè ní ẹrù tó ń báni jáde. Máa tún un kọ lọ́dọọdún ní oṣù Èbìbí, nígbà tí ara ṣì balẹ̀.

Wíwá ọmọ ni apá tó rẹni jù, òun ló sì ń gbéni ga jù. Kóòṣì kọ̀ọ̀kan ní àgbègbè tirẹ̀, ní Division I ó sì gbọ́dọ̀ yege ìdánwò òfin tí NCAA ń ṣe lọ́dọọdún kó tó lè jáde. Láti àárín oṣù Igbe wọ inú oṣù Èbìbí, o lè lọ wo ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, àmọ́ o kò gbọdọ̀ bá a sọ ju kíkí lọ bí ẹ bá pàdé ní ọ̀nà ọgbà. Bó o bá wọ ilé-ẹ̀kọ́, kóòṣì ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ kí, kódà bí kò bá ní ọmọ kankan fún ọ lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, béèrè ìwé máàkì kó o tó béèrè fídíò. Division I ń béèrè kọ́ọ̀sì pàtàkì 16 pẹ̀lú máàkì 2.3 nínú 4.0. Nínú 16 yẹn, 10 gbọ́dọ̀ ti parí kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ọdún ìkẹyìn ní girama, 7 nínú 10 sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì. SAT àti ACT, àwọn ìdánwò ìwọlé yunifásítì, kò sí nínú rẹ̀ mọ́ láti oṣù Ṣẹẹrẹ 2023. Ohun tó ń kóni láyà jẹ ni pé bí ọdún ìkẹyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, 10 yẹn ti di títì pa. Ọmọ tó tún kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ṣe ní ọdún ìkẹyìn kò lè fi máàkì tuntun rọ́pò rẹ̀ fún Division I. Kóòṣì tó rí ìyẹn nígbà tí ọmọ wà ní ọdún kejì girama ti ṣe é lóore ju ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i lọ.

Àwọn ìdílé wa tó wà ní Houston, ní Maryland, ní Atlanta, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ díẹ̀. Bàbá ò ní béèrè iye àga tó wà ní pápá. “Kí ló máa kà? Ọdún mélòó?” ni ìbéèrè. Kóòṣì tó bá dáhùn pé ohun tó bá wù ú ti pàdánù ọmọ náà. Kó o tó lọ sílé wọn, gba ìwé kọ́ọ̀sì ẹ̀ka ẹ̀rọ tàbí nọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́, wo ọjọ́ àti wákàtí yàrá àyẹ̀wò. Bí yàrá àyẹ̀wò bá jẹ́ aago 1 sí 4 tí ìgbaradì sì bẹ̀rẹ̀ ní aago 3, sọ ọ́ gbangba, kí o sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹgbẹ́ tó ń gbaradì láàárọ̀ ní àǹfààní ńlá níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ agbaninímọ̀ràn ẹ̀kọ́ bóyá agbábọ́ọ̀lù kankan ti parí ẹ̀kọ́ náà láìpẹ́. Mo máa ń sọ fún àwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ náà tán pátá, kí wọ́n má gé e kúrú. Kí wọ́n kí bàbá àti ìyá kí wọ́n tó kí ọmọ. Kí wọ́n gba omi tí wọ́n bá gbé wá. Bí ìdílé bá ń bẹ̀rù pé ọmọ wọn kò ní sikọ́láṣíìpù lọ́dún kìíní, ẹ rántí Dare Ogunbowale. Láìsí sikọ́láṣíìpù ló fi wọ ẹgbẹ́ Wisconsin, ìdènà ló kọ́kọ́ wà, wọ́n gbé e lọ sí running back, ó sì dé NFL.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí. Àwa aláwọ̀ dúdú, ọ̀dọ̀ running back, wide receiver àti cornerback (ẹni tó ń ṣọ́ wide receiver) ni wọ́n sábà máa ń fi wá sí, tàbí kí wọ́n sọ wá di ẹni tó ń wá ọmọ nìkan. Àwọn tó ń di olórí ìkọlù, ọ̀dọ̀ quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Má dúró kí wọ́n pè ọ́. Bó o bá ń kọ́ running back, ọmọ rẹ ló ń dáàbò bo quarterback nígbà tí ìkọlù òjijì bá dé. Ìyẹn fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti jókòó nínú ìpàdé àwọn ìlà iwájú. Béèrè fún un. Kọ́ gbogbo ètò ààbò náà, ẹni tí kálukú ń gbá, ẹni tí kò sẹ́ni tó gbá a, ibi tí quarterback gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí kíákíá. Lẹ́yìn náà gba ìròyìn ìgbà kẹta lọ́wọ́ coordinator, kó o máa kọ ọ́ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. NFL ní Bill Walsh Diversity Coaching Fellowship láti 1987, tó ń mú àwọn kóòṣì wọ ibùdó ìgbaradì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tètè kọ̀wé, kí o sì jẹ́ kí kóòṣì rẹ àgbà bá ọ pe ẹni tó mọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá wá láti Nàìjíríà pẹ̀lú F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, ṣọ́ra gidi. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà. Iṣẹ́ GA kì í mọ síbẹ̀. Lọ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kí o gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu kóòṣì. Lẹ́yìn oyè, OPT, ìyẹn ìyọ̀ǹda láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, fún ọ ní oṣù 12, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ bá ohun tó o kà mu. Ìdí nìyẹn tí oyè kejì nínú ìṣàkóso eré ìdárayá tàbí ìmọ̀ ìṣípò ara fi sàn fún ọ ju èyí tó kàn rọrùn láti kọjá lọ. Nígbà tó bá kan H-1B, físà iṣẹ́, yunifásítì kò sí lára àwọn tí iye ọdọọdún dè, àmọ́ kò sí yunifásítì tó pọn dandan fún láti ṣe é fún igbákejì kóòṣì. Béèrè kó o tó gba iṣẹ́.

Ìwé àdéhùn ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kì í kà. Ọdún kan ni ti ọ̀pọ̀ igbákejì. Coordinator lè gba méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tó wà lókè pátápátá ń gba ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ lọ́dún, nísàlẹ̀ owó náà kò tó ti olùkọ́ girama. Wá ibi mẹ́rin nínú ìwé náà. Ọjọ́ wo ló parí? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ bí kóòṣì àgbà bá lọ, ṣé wọ́n á san gbogbo rẹ̀ ni, àbí ọjọ́ 60 péré? Bó o bá ríṣẹ́ níbòmíràn, ṣé wọ́n á yọ owó tuntun kúrò nínú gbèsè tí wọ́n jẹ ọ́? Ìbánigbófò ìṣègùn ìdílé rẹ, ọjọ́ wo ló dópin? Ìwé àdéhùn kóòṣì yunifásítì ìjọba jẹ́ ohun tí ará ìlú lè béèrè láti rí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ka mẹ́wàá nínú wọn kó o tó bu ọwọ́ lu tìrẹ. Gba ilé láyálégbé fún ọdún méjì àkọ́kọ́, má kánjú rà á.

Lílé máa ń dé láàárín ìparí oṣù Bélú àti ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀pẹ̀, àsìkò kan náà tí àwọn ọmọ girama ń fọwọ́ síwèé. Wọ́n lè ti kọ̀ǹpútà pa mọ́ ọ ní wákàtí tí wọ́n sọ fún ọ. Nítorí náà, fídíò ìkọ́ni tìrẹ tí àdéhùn gbà ọ́ láyè láti tọ́jú, fi sí ibi tìrẹ láti oṣù Ògún; ìwé eré yunifásítì àti ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ kò tọ́ sí ọ, fi í sílẹ̀. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì, AFCA, tó ti wà láti 1922, máa ń ṣe àpérò ọdọọdún. Yàrá ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì ni ọjà iṣẹ́, kì í ṣe gbọ̀ngàn. Má pín CV kiri fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Pe àwọn ènìyàn márùn-ún tí ẹ ti jọ ṣiṣẹ́ kó o tó débẹ̀, kí wọ́n fi ọ́ han ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ kó o tó pe ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n lé ọ gan-an, pe àwọn ọmọ tó o mú wá síbẹ̀. Lẹ́yìn náà pe àwọn òbí wọn, lẹ́yìn náà àwọn kóòṣì girama wọn. Sọ fún wọn pé o ń lọ, sọ ẹni tí wọ́n lè máa pè ní yunifásítì náà, má sọ̀rọ̀ burúkú nípa ẹni tó ń bọ̀. Ó lè gbà tó wákàtí mẹ́rin. Fi fóònù sí iná kó o tó bẹ̀rẹ̀.